Ihò Ara Awọ Àgbọ̀nrín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Paouignan, òórùn awọ ewúrẹ́ tútù tí alápatà kó jọ sẹ́bàá títì sì gbá mi nímú, mo dúró tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ bá mi lọ rò pé ebi ló ń pa mí. Ẹ̀rù ló bà mí, àgbàlagbà bí èmi.

Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ ká àsíá wọn nílẹ̀, awọ la fi ń ṣe gbogbo nǹkan lágbo ilé wa lẹ́sẹ̀ òkè Dassa. Orí rẹ̀ la ń sùn nígbà ọyẹ́. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló mọ iṣẹ́ náà jù. Yóò rẹ awọ sínú omi eérú kí irun rẹ̀ lè tú, yóò fi èèkàn kàn án mọ́lẹ̀ níbòji, yóò fi ọ̀bẹ ha á, yóò sì fi òrí pa á títí yóò fi rọ̀. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fọ̀bẹ kan ibi ikùn, nítorí ó fẹ́lẹ́.

Ọdẹ ni bàbá mi. Ó pa àgbọ̀nrín kan, ó ní kí ìyá òun fi awọ rẹ̀ rán àpò ẹ̀tù ìbọn fún òun. Ìyá àgbà lọ pọnmi, èmi ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án tí mo rò pé mo ti dọ̀gá bá ha ikùn awọ náà. Ọ̀bẹ yọ sódì kejì. Mo fi òrí dí ihò náà, mo sì panu mọ́.

Bàbá gbé àpò náà kọ́, ó lọ dọdẹ ẹfọ̀n lọ́nà Akofodjoulè. Ọjọ́ yẹn gan-an lòjò dé. Bí ẹ̀tù bá tutù, ìbọn kò ní dún, ẹfọ̀n tí wọ́n bá sì yìnbọn sí tí kò dún kì í dúró wòran. Ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ kò fi lọ lọ́fun mi. Mo ń ka àdúrà “Mo kí ọ Màríà”, mo ń ṣì í kà. Bí ajá bá gbó lẹ́nu ọ̀nà, n ó rò pé òkú bàbá mi ni wọ́n ń gbé bọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, mo jẹ́wọ́. Ó ní òun ti rí ihò náà nígbà tí òun ń rán àpò, òun sì ti ṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀, òun rán an lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹnu rẹ ni mo ń dúró dè, ọmọ mi.”

Mo bú sẹ́kún ayọ̀. Ó jẹ́ kí n sunkún tán, ó wá wojú mi.

“Ká ní mi ò rí i ńkọ́?”

Bàbá dé nírọ̀lẹ́, kò rẹ́ran pa, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Kò mọ nǹkan kan títí ó fi kú.

Àpò ọ̀rá lẹ fi ń gbé gbogbo nǹkan lónìí, kò sẹ́ni tó ń ha awọ mọ́. Mo ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún àlùfáà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ti dárí rẹ̀ jì mí. Ìbéèrè ìyá àgbà ni mi ò tíì dáhùn.