Oúnjẹ Tí Arend Fún Tòmátì Rẹ̀

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Maasdijk, abúlé àwọn àgbẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Netherlands, pé Arend Zwinkels kò fẹ́ rí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé tó wà ní ṣíṣí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi páìpù darí èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ńlá ẹ̀yìn oko wọ ilé gíláàsì tó ń gbin tòmátì sí ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ń tan iná fún àdúgbò, asẹ́ ń yọ májèlé kúrò nínú èéfín, èyí tó kù, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ewé ń fà símú, sì ń di oúnjẹ tòmátì. Bí fèrèsé bá ṣí, oúnjẹ sá lọ nìyẹn.

Lọ́dún yìí, Marloes ọmọ rẹ̀ fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. "Ọdún kan ni mo fún yín, Bàbá," ló wí. "Bó bá dáa, mo dúró. Bí kò bá dáa, ẹ má bínú." Arend rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ti gbin àjàrà sórí ilẹ̀ yìí, kò sì fẹ́ kó parí sọ́wọ́ òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin, ewé tòmátì bẹ̀rẹ̀ sí í doríkodò.

"Ebi ló ń pa wọ́n," Arend wí, ó sì fi kún èéfín.

"Ẹ jẹ́ ká ṣí fèrèsé ná, Bàbá. Bí aláìsàn bá rí báyìí, afẹ́fẹ́ la máa ń fún un."

"Ṣé wọ́n máa ń gbé abọ́ kúrò níwájú ẹni tí ebi ń pa ni? Nọ́ọ̀sì, lọ mu kọfí rẹ."

Lọ́jọ́ kejì ewé túbọ̀ wálẹ̀, ó tún fi kún un. Ẹni tó bá pe Arend ní òpè parọ́. Ohun tó mọ̀ gan-an ló tàn án jẹ.

Ìgbà tí Leen, aládùúgbò rẹ̀, wá mu kọfí ló rí ewé, tó gbé ife sílẹ̀. "Arend, ìgbà wo lo wo asẹ́ rẹ gbẹ̀yìn?"

Asẹ́ ti là. Ẹ̀rọ tó yẹ kó pariwo pé májèlé ti wọlé, òun náà ti kú. Arend sáré ṣí gbogbo fèrèsé, atẹ́gùn òkun rọ́ wọlé, àmọ́ ẹ̀pà ò bóró mọ́. Òdòdó ti ń já bọ́, ilẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè.

"Kí la lè ṣe?" ó bi Leen.

"Kò sí ohun tá a lè ṣe mọ́," Leen wí.

Àwọn oyin onírun tí wọ́n ń sìn sínú àpótí, tó ń gbé àtíkè òdòdó kiri kí tòmátì lè so, ń fò láti igi dé igi, wọn kò rí òdòdó kankan. Marloes dúró títí wọ́n fi padà sínú àpótí wọn, ó dé e.

"Mo ń gbé wọn lọ sí oko Leen. Ebi á pa wọ́n níbí."

Arend fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ, kì í ṣe nítorí oyin. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ nawọ́ sí pé kó dúró tì? Ó lọ ṣílẹ̀kùn fún un. Ilẹ̀kùn náà wà ní ṣíṣí títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì padà lọ tì í.