Ríbọ́ọ̀nù Inú Agolo Bisikíìtì

Agolo bisikíìtì kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi àgbà tí kò sí bisikíìtì nínú rẹ̀. Nígbà tí mo kéré, mo jí i ṣí. Ríbọ́ọ̀nù dúdú tín-ín-rín kan ló wà níbẹ̀, wọ́n ká a jọ bí ìkarahun ìgbín, ó sì kun ọwọ́ mi ní dúdú. Ìyá àgbà rí ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "O ti fọwọ́ kan bàbá rẹ àgbà nìyẹn." Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi.

Nígbà tí Ìyá àgbà wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ọkọ̀ ojú irin. Ẹ má rò pé irú kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa ni o. Ẹ̀rọ náà tó kọ́bọ́ọ̀dù méje tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yàrá náà sì tutù débi pé súwẹ́tà ni wọ́n ń wọ̀ lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ní òórùn bébà tuntun inú yàrá yẹn kò tíì kúrò nímú àwọn títí dòní.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni láti mọ ẹni tó ni ìjókòó kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀. Bí akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì bá tẹ orúkọ èrò, inú iyè ẹ̀rọ ni orúkọ náà kọ́kọ́ ń lọ. Iyè yìí yára bí àṣá, ṣùgbọ́n bí iná bá kúrò lára rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó gbàgbé ohun gbogbo. Nítorí náà, bí orúkọ bá ti pọ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ á kó wọn, á kọ wọ́n sórí àwọn àwo irin ńlá tó ń yí bí àwo orin. Ohun tó bá ti dórí àwo ti bọ́ lọ́wọ́ ìgbàgbé. Iná pupa kékeré kan a máa ṣẹ́jú bí ó bá ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà: bí iná pupa bá ṣíwọ́, ka oókan dé ọgọ́ta kí o tó pa ẹ̀rọ, torí ó lè jẹ́ pé ó ń mí ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn oníná wá tún wáyà ṣe. Olórí wọn ti wà lókè àkàbà.

"Sìstá, ẹ pa á jàre! Àbí ẹ fẹ́ kí n di ẹran yíyan ni?"

Iná pupa ṣíwọ́. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Wọ́n ka dé ogún. Oníná tún kígbe. Wọ́n pa á.

Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ padà, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti tà fún ọkọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì jẹ́ igba ó lé mọ́kànlá. Orúkọ tó wà lórí àwo kò ju ọgọ́sàn-án lọ. Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti rá.

Ìyá àgbà jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wọn pé ogún péré ni àwọn kà dé. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Mi ò ní pariwo," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n bí èrò kan ṣoṣo bá dé lọ́la tó bá ẹlòmíràn láyè rẹ̀, fi kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí sílẹ̀ fún mi."

Iṣẹ́ yẹn ni Ìyá àgbà fi ń gbọ́ bùkátà àbúrò wọn méjì. Wọ́n lọ bá akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì ní fèrèsé rẹ̀, omijé ti gba ojú wọn. Ọkùnrin náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Agùntáṣọọ́lò ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é.

"Má sunkún sórí tíkẹ́ẹ̀tì mi o," ni ó wí. "Wọn ò ní ṣeé kà mọ́."

Ó ronú díẹ̀, ó wá ṣí ìdérí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó fi ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì fa ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ jáde. "Wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan ni ríbọ́ọ̀nù yìí ń kọjá. Gbogbo lẹ́tà tí mo tẹ̀ ló ṣì wà lára rẹ̀."

Wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Agùntáṣọọ́lò ń pe lẹ́tà, Ìyá àgbà ń kọ. Àwọn lẹ́tà náà lẹ̀ mọ́ra wọn láìsí àlàfo. Nígbà kan, wọ́n fún orúkọ ibùdókọ̀ ní ìjókòó bí ẹni pé èèyàn ni, títí Agùntáṣọọ́lò fi bèèrè bóyá yóò gbé ẹrù wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti rí ọgbọ̀n. Ẹni kan yòókù wà ní ìparí ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n yọ láàárọ̀, agbálẹ̀ sì ti sun ún mọ́ pàǹtí.

"Ìjókòó mọ́kàndínlógún ló ṣófo," ni Agùntáṣọọ́lò wí. "Ọ̀kan nínú wọn ni tirẹ̀. Tí mi ò bá ta ìkankan, kò sẹ́ni tó máa gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́." Ó gbé pátákó "Ó TI KÚN" sójú fèrèsé.

"Ọ̀gá máa lé ìwọ náà o."

"Kó lé wa pọ̀. Ó kéré tán, màá rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ lọ́nà ilé."

Láàárọ̀, Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ. Gbogbo ẹni tó wọlé ló wà nínú ìwé. Ọ̀gá náà wá, ó ń wo aago. Nígbà tó ku díẹ̀ kí fèrè dún, ìyá arúgbó kan sáré dé pẹ̀lú agboòrùn. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ìjókòó kẹsàn-án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ìjókòó kẹsàn-án ṣófo.

"Ọmọ mi, kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?" ni ìyá náà bèèrè bó ṣe ń jókòó.

"Ẹ̀yin ni mo ti ń dúró dè láti àná, Mà."

"Èmi kẹ̀? Ṣé o mọ̀ mí ni?"

"N ò mọ̀ yín o, Mà."

Ìyá náà fún wọn ní áńkáṣíìfù, ó ń mi orí.

Ọ̀gá wo ìjókòó méjìdínlógún tó ṣófo, ó wo Agùntáṣọọ́lò, ó wá wo Ìyá àgbà. "Ọgọ́ta," ni ó wí. "Kì í ṣe ogún." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn onírin àlòkù ti tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Bàbá àgbà, Agùntáṣọọ́lò yẹn, kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá àgbà ní Bàbá àgbà máa ń sọ fún àlejò pé ẹ̀rọ ló ṣe alárinà àwọn méjèèjì. Títí dòní, bí Ìyá àgbà bá pa sítóòfù, ẹ máa rí ètè wọn tó ń kà.

Orí tábìlì wọn ni mo ti kọ ìtàn yìí. Mo fi àmì ìdánudúró sí i, mo sì fẹ́ dìde.

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Ka ọgọ́ta."

Mo kà. Nígbà tí mo dé mẹ́rìnlélógójì, wọ́n gbé ojú kúrò lára agolo náà.

"Àbàwọ́n ríbọ́ọ̀nù yẹn ṣì wà ní àtàǹpàkò bàbá rẹ àgbà nígbà tó wá sílé wa ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, tó ní òun wá wò mí bóyá mo ti jẹun. Kọ ìyẹn náà sí i."

Mo kọ ọ́.