"Nítorí" Tí Mo Gé Kúrò

Òórùn ọṣẹ gbígbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Yàrá tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì wà lẹ́yìn iléeṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Tí wọ́n bá ti ṣí ìkòkò ńlá wọn ní ìrọ̀lẹ́, òórùn náà á gba ojú fèrèsé wọlé, á wá bá wa jókòó. Ó máa ń ta wá nímú díẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí aṣọ tí a ti wọ̀ láti àárọ̀ dà bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Nínú yàrá tó ń ta sánsán yẹn ni àwa onígbàgbọ́ mẹ́tàlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹsẹ Bíbélì kan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ obìnrin kan. Èmi ni mo bá wọn pèsè ẹsẹ náà.

Ó ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe nígbà náà, bí mo ti ń ṣe é títí dòní. Ọ̀tà ni wọ́n fi mí sí, kí n máa kọ nípa àwọn iléeṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ará ìjọ mọ iṣẹ́ mi, ni wọ́n bá fi mí ṣe akọ̀wé ẹ̀kọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Èmi ni mò ń tẹ ìwé pélébé tí a máa ń pín, tó ní àkọlé, ẹsẹ tí a fẹ́ yẹ̀ wò àti ìbéèrè méjì mẹ́ta. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Àkọlé ló ń ta ìwé ìròyìn, mo sì rò pé ó lè ta ọ̀rọ̀ Ọlọ́run náà.

Obìnrin tí mo ń wí yìí ń di bisikíìtì sínú páálí ní iléeṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé inú yàrá kan nítòsí Ìyànà Ìyẹ̀sí. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá náà lójijì, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ yìí ti pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá rẹ̀ wá sọ fún un pé tó bá tún pa á jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó má wulẹ̀ padà wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ṣèlérí láti wá láti Ìkirè, ṣùgbọ́n ó di ìparí oṣù. Ìdí nìyẹn tó fi dìde nígbà tí a fẹ́ ṣe àdúrà ìparí lọ́jọ́rú kan, tó ń fi ọwọ́ fa etí gèlè rẹ̀, tó ní bóyá a lè rí ẹni tí yóò máa jókòó ti màmá òun láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí òun á fi dé ní ọ̀sán, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.

Alàgbà tó ń darí wa, tí òun náà jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ oníke kan, ní kí a má tíì sọ nǹkan kan, kí a kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí a ṣe ń jáde ló sọ fún mi pé kí n mú ìwé Gálátíà, orí kẹfà, níbi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ẹrù. Mo délé, mo ṣí i. Ẹsẹ karùn-ún ló wọ̀ mí lójú: ó kúrú, ó le, ó dà bí àkọlé fúnra rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò bá àkọlé mu nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, "nítorí". Mo gé e kúrò. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́ sókè ìwé pé kálukú ni yóò ru ẹrù tirẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, obìnrin náà wá tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó sídìí ilẹ̀kùn. Ó gba ìwé, ó ka àkọlé, ó ká a sí méjì, ó sì fi í sábẹ́ itan. Mo rí i, mo sì yí ojú sí ibòmíràn.

N kò ní parọ́ mọ́ Alàgbà, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣàìsàn fún nǹkan bí ọdún kan kó tó jáde láyé. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń se oúnjẹ, kò sì pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan. Ohun tó fi kọ́ wa nìyẹn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ kò sì ga. "Ẹnikẹ́ni ò bá mi ru tèmi," ló wí. "Ọlọ́run ló fún mi lágbára. Ẹ má jẹ́ ká sọ ara wa di ọ̀lẹ nínú ìgbàgbọ́."

Obìnrin télọ̀ kan tó máa ń jókòó síwájú mi dá a lóhùn pé agbára Alàgbà yàtọ̀. "Ẹ̀yin ní jẹnẹrétọ̀ nínú, sà. Àwa kan, tí wọ́n bá ti mú iná lọ, ó tán nìyẹn." A rẹ́rìn-ín. Alàgbà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fẹ́ kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀.

Bàbá kan wà láàárín wa tó jẹ́ olórí àwọn lódà ní ilé ìkẹ́rù ìyẹ̀fun kan ní Ṣàngó, àwọn tó ń ru àpò láti inú ilé sínú ọkọ̀ ajàgbé. Ọmọ Ìwó ni. Ó máa ń fi ìka tẹ̀lé ìlà bó ṣe ń kàwé, kì í sì í bá wa kà á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka rẹ̀ ṣì wà lókè ojú ewé nígbà tó ní, "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ kejì ńkọ́? Ó ní ká máa bá ara wa ru ẹrù."

Alàgbà ní ẹsẹ karùn-ún ló gbẹ̀yìn, òun ló sì túmọ̀ ẹsẹ kejì. Bàbá ronú sí i. Ó bèèrè bóyá Pọ́ọ̀lù ti gbàgbé ohun tó sọ ní ẹsẹ mẹ́ta ṣáájú ni. A tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún wa, pé lọ́dọ̀ àwọn, orí méjì kì í wà lábẹ́ àpò kan, kálukú ló ń ru tirẹ̀ dé ìdí ọkọ̀.

"Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé e rù mí?" ló wí. "Ṣé èmi náà ni? Ẹni méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Tí mo bá dé ìdí ọkọ̀, ẹlòmíràn ni yóò sọ̀ mí. Ẹrù mi ni o, orí mi ló wà. Àmọ́ tí ò bá sí ẹni tó gbé e rù mí, ilẹ̀ ni àpò yẹn máa wà." Ó fi ọwọ́ pa ọrùn ara rẹ̀. "A ní ẹnì kan tó máa ń dá a gbé. Ìwó ló wà báyìí. Ọrùn rẹ̀ ò yí mọ́."

Mo ṣí Bíbélì mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kìn-ín-ní, bí ó ti yẹ kí n ṣe láti ilé. Ẹsẹ kìn-ín-ní ní kí a fi ìwà tútù gbé ẹni tó ṣubú dìde. Èkejì ní kí a máa bá ara wa ru ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń mú òfin Kristi ṣẹ. Ẹ̀kẹta kìlọ̀ fún ẹni tó ń rò pé òun jẹ́ nǹkan. Ẹ̀kẹrin ní kí kálukú yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, kó má fi ti ẹnìkejì ṣe òṣùwọ̀n. Ibẹ̀ ni "nítorí" wà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló so ẹsẹ karùn-ún mọ́ ẹ̀kẹrin. Ẹni tó fẹ́ fi agbára tirẹ̀ wọn ti ọmọnìkejì ni ẹsẹ náà ń bá wí, èmi sì ti yí i sí obìnrin tó jókòó sídìí ilẹ̀kùn. Nídìí iṣẹ́ tiwa, tí èèyàn bá gé orí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí báyìí, wọ́n á fún un ní ìwé wá-sọ-tẹnu-rẹ. Mo dìde, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo gé e.

Lẹ́yìn ìgbà náà, mo bi olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Pọ́ọ̀lù lò ní èdè Gíríìkì. Ọ̀kan ni ìwúwo tó ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀, èkejì ni ẹrù tí arìnrìn-àjò ń dá gbé. Yorùbá pe méjèèjì ní ẹrù. Bàbá kò gbọ́ Gíríìkì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́ yẹn, Alàgbà kò bínú sí mi. Ó wo ìdí ilẹ̀kùn. "Sístà, láti ọjọ́ tí ara Màmá ò ti yá, ta ló gbé e rù yín?"

"Kò sí, sà," ni obìnrin náà wí. "Mo dá a gbé ni."

Alàgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní nígbà tí ìyàwó òun ń ṣàìsàn, àwọn èèyàn wá. "Èmi ni mo ní kí wọ́n máa lọ." Lẹ́yìn náà ló yí ìwé pélébé mi padà, tó ń kọ orúkọ ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó kéde pé láti Ọjọ́ Ajé ni a ó bẹ̀rẹ̀, pé tòun ni yóò ṣáájú, òun á tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá òun. Télọ̀ gba Ìṣẹ́gun, ó ní òun á máa gbé aṣọ tí òun ń gán lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, àti pé Màmá á gbọ́ òfófó Ṣàngó tó. Ọjọ́bọ̀ kan èmi àti ìyàwó Bàbá.

Obìnrin náà kò pa iṣẹ́ jẹ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láti Ìkirè, ó pẹ́ ju ọjọ́ tó dá lọ, a sì dúró títí ó fi dé.

Àwọn obìnrin ló ń wẹ Màmá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá rẹ̀, mo fà á, kò kúrò lójú kan. Mo tún fà á. Ó mi orí. "Dúró," ló wí láti inú ẹnu tó wọ́ yẹn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi kọ́ mi lọ́rùn, ó wá ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó ń wo ojú mi bí ẹni tó ń retí pé kí èmi náà múra. Ó ní, "Ó yá."

Mo ti máa ń rò pé ohun ńlá kan tó ga ju ọwọ́ wa lọ ni Pọ́ọ̀lù pè ní òfin Kristi, mo sì ti kọ ọ̀pọ̀ àkọlé sí i lórí. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, n kì í bèèrè mọ́ pé èwo nínú ẹsẹ méjèèjì ló borí èkejì. Ẹsẹ̀ kan tó kù fún Màmá, tirẹ̀ ni, kò sì gbé e fún mi. Ọrùn mi nìkan ló yá lò, a sì dìde.