Wọ́n Ń Juwọ́ sí Wa ní Ìnísà

"Ọkọ mi kékeré" ni mo máa ń pe àbúrò ọkọ mi. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, n ò sì lè fẹnu ara mi pe orúkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ dáadáa. Bàálù kékeré ló ń wà, irú èyí tí kò gbà ju èèyàn mẹ́rin lọ. Lọ́jọ́ tó ní ká jọ fò láti Ìlọrin lọ sí Ìbàdàn, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ wá wo ilé baba yín látòkè." Ẹ̀rù ń bà mí o, àmọ́ ìfẹ́ ìran wíwò ò jẹ́ n kọ̀. Mo wọlé, mo jókòó tì í.

A kọjá Òkukù, mò ń nawọ́ sí òrùlé, mò ń pariwo bí ọmọdé. Bá a ṣe ń sún mọ́ Ìnísà, níbi tí wọ́n ti bí mi tí mo sì ti ṣe tíṣà, Ìkìrun ti ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ni ẹ́ńjìnnì bá húkọ́ bí ẹni tí ata pá lórí. Ó tún húkọ́. Ọkọ mi kékeré fa eléyìí, ó tẹ tọ̀hún. Abẹ̀bẹ̀ iwájú wá ń rọra yí, títí tó fi dúró gbọn-in.

Yéè! Ẹ má jẹ́ n purọ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn burú ju ariwo lọ.

"Ọkọ mi, kí ló dé?"

"Ẹ́ńjìnnì ti kú. Bàálù ò ní já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á máa rọra sọ̀ kalẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ nìlú yìí. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú fún mi, kíá!"

Ibi tó tẹ́jú kẹ̀! Ìnísà tí mo fẹsẹ̀ rìn tán, látòkè n ò dá ọ̀nà kan mọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa kan wà lápá òsì, òun ló ń wò. Mo ní, "Ebè iṣu nìyẹn o! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ ni, á ga dé orúnkún!" Ìgbà yẹn ni mo rí pápá ilé ìwé tí mo ti kọ́ni. Mo nawọ́ sí i, ó yí bàálù síbẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Àfi báwọn ọmọ ilé ìwé ṣe tú jáde. Ṣé ẹ mọ ọmọ ilẹ̀ wa àti bàálù: bó bá ti fò mọ́lẹ̀ báyìí, wọn á sáré tọ̀ ọ́, wọn á máa juwọ́, wọn á ní kó bá àwọn ra nǹkan bọ̀. Pápá kún. Mò ń gbá gíláàsì, "Ẹ kúrò! Ẹ sá!" Ta ló máa gbọ́? Mo wá ń fọwọ́ méjèèjì lé wọn. Inú wọn dùn! Wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń juwọ́ padà sí mi. Bí mo ṣe ń lé wọn tó ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Inú bí mi, mo bú sẹ́kún.

Ọkọ mi kékeré yí bàálù kúrò lórí wọn, ó darí ẹ̀ sí oko ebè. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́." N ò mọ ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ́ fún, torí kò síbòmíì.

"Ẹ di orí yín mú," ló sọ.

Ebè gbá ẹsẹ̀ bàálù dànù, imú ẹ̀ sì wọlẹ̀. Nígbà tójú mi wálẹ̀, apá mi kan ò ṣeé gbé. Irin iwájú ti rún wá sẹ́yìn, ó há ọkọ mi kékeré mọ́ àga. Ó bi mí bóyá a gbá ọmọ kankan. Mo ní rárá, kò sí. Ó mí kanlẹ̀. Mo rá wọ abẹ́ irin náà, mò ń fà á, kò mì.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ bá mi fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, kí n mọ̀ bóyá ó ṣì wà."

Mo ti di ẹsẹ̀ náà mú kó tó sọ̀rọ̀, mò ń fún un bí agbára mi ṣe mọ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó tún ní, "ẹ fọwọ́ kàn án."