Òkúta Kenchamma

Ogójì ọdún ni Kenchamma alágbàfọ̀ fi na aṣọ mọ́ òkúta kan ṣoṣo létí adágún Kallukere. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fà á lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ kẹta tó wọlé bí ìyàwó. Òkúta náà tẹ́jú, ó ń dán, ó sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn kì í fi í ro ó. Kò sẹ́ni tó mọ aṣọ nà bíi tirẹ̀. Bọ́tìnnì tó bá kọjá lọ́wọ́ Kenchamma tí kò já, ó yẹ kí wọ́n fi oyè dá a lọ́lá.

Aṣọ Nanjegowda, baálẹ̀ abúlé, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀, lẹ́yìn tó bá ti da omi mímọ́ sí òkúta náà lára. Tó bá sì gbé e lọ fún wọn, ẹnu géètì ló ń dúró sí. Ẹni tí wọ́n bá bí sí ìran alágbàfọ̀ kì í wọlé baálẹ̀.

Lọ́dún tí adágún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, àwọn tó ń kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ yí òkúta náà dà. Ère ló kún abẹ́ rẹ̀: ọkùnrin kan mú ọ̀kọ̀ dání, màlúù tò sẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin ọ̀run méjì sì ń gbé e lọ sókè. Wọ́n kọ nǹkan sísàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Akọni kan nìyí, kò sí àríyànjiyàn. Kó tó di ọ̀sán, Nanjegowda ti jogún rẹ̀.

"Baba ńlá mi ni," ni baálẹ̀ wí. "Ẹ sáà wo imú rẹ̀."

Imú òkúta náà ti kán tipẹ́. Baálẹ̀ ní kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ màlúù gbé e lọ síwájú ilé òun. Ọkàn Kenchamma bàjẹ́. Ẹ̀yìn òkè lòkúta mìíràn wà, orúnkún rẹ̀ ò sì lè gun òkè mọ́.

"Bàbá, ẹ dákun, kí ni n óo máa na aṣọ mọ́?"

"Wá òkúta mìíràn lọ. Ṣé orí baba ńlá mi lo fẹ́ máa na ṣòkòtò mọ́ títí ayé ni?"

"Ẹ̀yìn wọn ni, bàbá, kì í ṣe orí. Ṣòkòtò yín ló sì pọ̀ jù níbẹ̀."

Àwọn tó pé jọ rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ pe Tíṣà Rudrappa, ẹni tó mọ ìwé àtijọ́ kà, kó wá kà á sétí gbogbo abúlé kí kẹ̀kẹ́ tó gbéra. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ lé òkúta náà.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ni. Kí gbogbo ayé gbọ́."

Tíṣà fi ẹfun kun ibi tí wọ́n kọ̀wé sí, ó nu awò ojú rẹ̀, ó sì kà á. "Màárà alágbàfọ̀ lé àwọn olè. Ó gba màlúù abúlé padà, ó sì kú."

"Alá-kí ni?"

"Alágbàfọ̀."

"Tún un kà dáadáa."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kà á, Baálẹ̀. Ó kù díẹ̀." Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹni tó bá gbé òkúta yìí kúrò níhìn-ín, ìdin inú ìgbẹ́ ni yóò padà wá jẹ́ láyé, fún ọ̀kẹ́ mẹ́ta ọdún."

Àwọn tó di okùn mú jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ti ń dárí màlúù rẹ̀ sílé.

Kenchamma sún mọ́ ère náà. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti kékeré, kò gbọ́ ọ rí pé èèyàn òun kan ṣe ohun tí wọ́n lè gbẹ́ sára òkúta. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó sì fi ọwọ́ ọ̀hún kan ojú ara rẹ̀ láti júbà wọn.

"Ẹ rọra dà wọ́n délẹ̀ bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀," ló wí. "Ó ti mọ́ wọn lára."

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó gbé aṣọ baálẹ̀ dé ẹnu géètì, ó sì gbóhùn sókè kí àdúgbò lè gbọ́.

"Ẹ kúulé o. Ẹbí yín dé o. Ẹ bá mi pe ẹ̀gbọ́n mi baálẹ̀."

Ìyàwó baálẹ̀ sáré jáde, ó fà á lápá. "Wọlé, wọlé kíá. Jọ̀ọ́, má pariwo mọ́."

Kenchamma wọlé, ó jókòó, wọ́n bu wàrà kíkan fún un. Ogójì ọdún ló ti ń gbé aṣọ wá síbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ilé wọn tutù.