Mo Mu, Mi Ò Jẹ

Wáyà ni wọ́n fi so eyín ìyá mi pa, ti òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, kò sì sí ọjọ́ kan nínú wọn tí kò bá wa jà. Láti ẹnu ọ̀nà ilé wa ní àdúgbò Adakpamé lo ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀, tó ń gba àárín eyín jáde bí afẹ́fẹ́ tó ń jò lára táyà. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ló ti já bọ́ ní Bè-Kpota, níbi tó ti ń ta àwo àti ìkòkò láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Eegun àgbọ̀n rẹ̀ sán lọ́nà méjì. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni nígbà náà. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí rẹ̀ ti lé ní ogún ọdún nídìí iṣẹ́ ìròyìn rédíò, mo sì rò pé mo mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ògì àti tíì nìkan ló ń ráyè gba àárín eyín náà kọjá. Gbogbo ilé ń rùn fún ògì kíkan láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àbúrò mi obìnrin, tí òun àti ìyá wa jọ ń gbé, ló ń sè é. Ìyá wa á fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà á mu, ara rẹ̀ sì ń gbẹ lójú wa. Nígbà tí a padà sí ilé ìwòsàn tó gun òṣùwọ̀n, kílò mẹ́rin ti lọ. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń sọ Faransé jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà, wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó sì wo ojú mi. Ó ní ọjọ́ mẹ́wàá ni òun fún wa. Bí ìwọ̀n náà bá tún lọ sílẹ̀, òun yóò dá a dúró sí ilé ìwòsàn, òun yóò sì ti rọ́bà gba imú rẹ̀ lọ sínú ikùn, kí oúnjẹ lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, nítorí pé Faransé ìyá mi kò kọjá bọ́njúù àti iye tí ó ń ta ìkòkò. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Sọ fún un pé mo kọ̀.”

Mo mọ ohun tó ń rántí. Irú rọ́bà yẹn wà nímú bàbá wa lọ́jọ́ tó kú, ìyá wa ló sì mú aṣọ tútù nu ibi tí wọ́n fi bébà lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó wẹ òkú. Mi ò bá a jiyàn. Nínú takisí tó gbé wa padà sílé ni mo ti pinnu pé bó ṣe wù kó rí, rọ́bà kankan kò ní wọ imú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Kodjoviakopé láti bá àwọn tó ń ṣẹ́ owó nítòsí ibodè Gánà sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe parí, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta ohun èlò iná, láti ra ẹ̀rọ tí a fi ń lọ oúnjẹ di olómi. Bílẹ́ńdà ni àwa tí àwọn òbí wa ti Nàìjíríà wá ń pè é. Míkísọ̀ ni òun pè é. Mo nawọ́ sí ọ̀kan tó pupa tó ń dán, ó gbá ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀. Ó bi mí ní ẹni tó fẹ́ lò ó, mo sì sọ fún un. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé òmíràn jáde tí kò lẹ́wà rárá, ó ní kí n gbé e wò. Ó wúwo bí ọlọ. Ó fi èdè Mina sọ fún mi pé, “Èyí tó ń pariwo jù kọ́ ló ń lọ nǹkan kúnná. Ìdí ni kó o máa wò.” Àwọn obìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí bílẹ́ńdà.

Èyí tí a kọ́kọ́ lọ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni, pẹ̀lú ìbẹ́pẹ. Ó ta egbò ẹnu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì sọ ọ̀pá rọ́bà náà lù mí. Ó bi mí bóyá mo ti rà á tán kí n tó ronú. Nítorí náà a fi ohun tó kan sílẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í lo píà tó ti rọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí èèpo rẹ̀ ti ń dúdú, wàrà inú agolo, àti ẹ̀pà yíyan. Ẹ̀pà náà dí ọ̀pá lọ́jọ́ kìíní. Láti ọjọ́ kejì, gbígbẹ ni a ń lọ̀ ọ́ ná títí yóò fi lẹ̀ mọ́ra, a ó wá da ìyókù lé e, a ó fi asẹ́ sẹ́ gbogbo rẹ̀. Àbúrò mi tún se ẹ̀wà, ó bó èèpo rẹ̀ kúrò, ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi ẹja. Ìyá wa jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń ṣọ́ wa. Àbúrò mi sọ fún un pé kó lọ sinmi. Ó ní, “Ẹnu mi ni wọ́n so. Wọn ò so ojú mi.”

Kí iná mànàmáná tó lọ láàárọ̀ ni a ń ṣe gbogbo èyí. A ó rọ ohun tí a lọ̀ sínú ife ńlá mẹ́ta, a ó bò wọ́n, a ó gbé wọn sínú kúlà oníyìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. Lẹ́yìn náà, àbúrò mi á lọ bá a tajà ní Bè-Kpota, èmi á gba ibi iṣẹ́ lọ, òun nìkan á sì kù sílé títí di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá ti wọlé, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bi í. “Màámi, ṣé ẹ jẹun?” Á mi orí. “Mi ò jẹun.” Mo ní ìwé kékeré kan tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn tí mo bá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń kọ tirẹ̀ sí, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́: má fi tìrẹ kún ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Lọ́jọ́ kẹta, “Mi ò jẹun.” Lọ́jọ́ kẹrin, “Oúnjẹ wo? Mi ò jẹun.” Lọ́jọ́ kẹfà, “Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹun kẹ́yìn.”

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo bi àbúrò mi léèrè, ó ní bí òun bá ti dé, ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òun máa ń bá tí wọ́n ti dojú dé, tí wọ́n mọ́ tónítóní. Mo rò ó pé ńṣe ló ń dà á nù. Mo lọ wo gọ́tà ẹ̀yìnkùlé bí ọlọ́pàá, mo wo ìdí igi, mo ń wá àwọ̀ píà lára yẹ̀pẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn ọmọ aládùúgbò, pé àwọn ló ń bá a mu ún. Síbẹ̀ mi ò dúró. Bí òní bá ti bàjẹ́, mo ti ń ro ohun tí a ó lọ̀ lọ́la, bóyá oyin ni, bóyá kókò, bóyá òróró díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ kẹwàá pé. Ìyá mi gun òṣùwọ̀n. Ìwọ̀n kò lọ sílẹ̀. Ó tilẹ̀ fi ìdajì kílò lé. Inú mi dùn. Dókítà náà ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó béèrè, láìgbé ojú sókè, bóyá ó ń jẹun. Mo túmọ̀ ìbéèrè náà fún ìyá mi. Ó dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn. Mo ṣí ìwé mi, mo ka gbogbo rẹ̀ fún dókítà ní Faransé, láti orí dé ìdí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò jẹun.

Bíírò rẹ̀ dúró. Ó ní ẹni tí kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sókè, omi ló ń kó sí i lára, ìyẹn sì burú ju kó gbẹ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tẹ ojúgun ìyá mi. Ibẹ̀ wọlé díẹ̀. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó lọ wo bóyá bẹ́ẹ̀dì ṣófo, ó sì fa ìwé tuntun jáde.

“Kí ló ń kọ?” ìyá mi bi mí.

“Wọ́n fẹ́ dá yín dúró. Wọ́n fẹ́ ti rọ́bà yẹn.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ ní ẹ ò jẹun láti ọjọ́ mẹ́sàn-án.”

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó sọ owó nù. “Mi ò jẹun ni. Ṣé mo purọ́? Ẹni tí wọ́n so eyín rẹ̀, kí ló fẹ́ fi jẹun? Mo mu. Gbogbo rẹ̀ ni mo mu, mo fọ ife, mo dojú rẹ̀ dé kí eṣinṣin má bà lé e. Ìwọ oníròyìn, ọjọ́ wo lo bi mí pé ṣé mo mu?”

Ojú tì mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé tó ń kọsẹ̀ ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì náà, obìnrin àgbà kan, ló kọ́kọ́ lóye, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Yorùbá ju díẹ̀díẹ̀ lọ. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó parí àlàyé tí mo ń ṣe. Ó sọ fún dókítà pé ìyá ọkọ òun náà rí bẹ́ẹ̀: bó mu ẹ̀kọ́ gbígbóná odidi ìkòkò kan, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò kó ní ìyá ti jẹun. Dókítà ní kí ìyá mi ka ohun tó ń mu. Ìyá mi kà á láàárín eyín, píà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà, ẹ̀wà olómi ẹja, ife ńlá mẹ́ta lójúmọ́, ó sì fi kún un pé ẹ̀wà náà kò níyọ̀ tó. Dókítà tún tẹ ojúgun rẹ̀. Ó béèrè bó ṣe ń jókòó, mo sì sọ fún un nípa àpótí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ní ìjókòó pípẹ́ ló fà á, kó máa gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó fa ìwé bẹ́ẹ̀dì náà ya sí méjì.

Ìyá mi kò purọ́. Èmi náà kò purọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé mi tí kì í ṣe òótọ́. Síbẹ̀ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òótọ́ yẹn ti rọ́bà bọ ìyá mi nímú. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹlẹ́rìí kì í dáhùn ju ohun tí a bi í lọ, àti pé bí ìbéèrè bá kéré, ìdáhùn tó péye jù lọ lè ṣi ni lọ́nà. Bí ẹnikẹ́ni bá bá mi sọ̀rọ̀ lónìí, tí mo ti kọ ọ́ tán, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó pa ìwé dé, mo máa ń bi í ohun tí mi ò tíì bi í.

Kí a tó kúrò níwájú dókítà, ó sọ bí nǹkan yóò ṣe máa lọ. Ó ní ó ku ọjọ́ méjìdínlógún kí wọ́n tú wáyà náà. Lẹ́yìn rẹ̀, oúnjẹ rírọ̀ nìkan fún oṣù kan, kó má sì tíì fi eyín kan eegun títí òun yóò fi ya fọ́tò àgbọ̀n náà. Ó ní kí nọ́ọ̀sì fa ìlà gba àárín ibi tí wọ́n ń kọ oúnjẹ sí nínú ìwé rẹ̀, kí apá kan jẹ́ ti ohun tó jẹ, kí apá kejì jẹ́ ti ohun tó mu. Nígbàkigbà tó bá wá, ìbéèrè méjèèjì ni wọn yóò bi í, kò sì sí ìpinnu kankan tí wọn yóò ṣe lórí ìdáhùn àkọ́kọ́ títí ìyá náà yóò fi dáhùn èkejì.