Ìtàn Òdo Nínú Yàrá Lárúbáwá

Yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Lárúbáwá ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ẹ̀jìgbò máa ń rùn fún ìgbẹ́ àdán àti ìwé tí òjò ti bà jẹ́, pẹ̀lú òórùn tùràrí díẹ̀ tí n kò mọ ibi tó ti ń wá. Ẹ̀yìn pátápátá ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi káṣú, àwọn ọmọ kì í sì í dé ibẹ̀ tí aago ìsinmi bá ti lù. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Tí o bá ti dá wà rí láàárín èrò, wàá mọ̀ pé ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni a máa tuni lára ju ibi tí gbogbo ènìyàn wà lọ.

Àbíján, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni wọ́n bí mi sí, bí wọ́n ti bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀jìgbò. Ìyá mi ti kú tipẹ́, bàbá mi sì ń ta páàtì ọkọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìjà ìṣèlú gbóná nílùú náà, bàbá mi fi mí sínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú obìnrin ará ìlú wa kan, wọ́n ní kí n lọ dúró lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Ẹ̀jìgbò, pé àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn. A kò rí wọn. Fóònù wọn kò lọ mọ́. Ní àràárọ̀, Màmá, ìyá bàbá mi, á gbàdúrà sí Jésù kí ó bá wọn wá ọmọ wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa bó ẹ̀gẹ́. Èmi kì í béèrè nǹkan kan, nítorí mo ń bẹ̀rù ìdáhùn.

Faransé ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi nígbà náà. Yorùbá mi kò kọjá ti inú ilé, Gẹ̀ẹ́sì kò sì tíì yé mi. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ìṣirò pè mí síwájú pátákó. Mo ṣe iṣẹ́ náà dópin, ó sì gbà, wọ́n wá ní kí n pe ìdáhùn náà sókè. Òdo ni. Àwọn ọmọ yòókù ì bá pè é ní “sírò” bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pè é. Èmi pè é ní “sérò” bí àwọn Faransé. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Sérò di orúkọ mi, nídìí ẹ̀rọ omi, lójú ọ̀nà ilé, níbi gbogbo. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn dákẹ́ ni. Mo dákẹ́ débi pé tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ láti mọ ẹni tó wá, ọwọ́ ni mo máa ń nà sókè. Mo ti pinnu pé tí sáà náà bá parí, n kò ní padà wá mọ́.

Olùkọ́ èdè Lárúbáwá, àgbà ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Áàfáà, ló bá mi nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ kan. Mo fò dìde, mo fẹ́ sá jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n jókòó, pé yàrá náà tó ẹni méjì. Wọ́n jẹun tiwọn, mo jẹ búrẹ́dì mi. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe lọ títí di ọ̀sán tí àwọn ọmọ kan kọjá lẹ́bàá fèrèsé, tí wọ́n rí mi, tí wọ́n sì ké “Sérò” sí mi. Áàfáà bi mí ìdí tí wọ́n fi ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé; ó ti pẹ́ tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Wọn kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú mi. Wọ́n mú ẹfun, wọ́n fa òdo ńlá kan sójú pátákó. Wọ́n ní sífírì ni àwọn Lárúbáwá ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni òfìfo. Wọ́n wá bi mí pé kí ni àwọn Faransé ń pe àmì tí a fi ń kọ nọ́ńbà. Mo ní, “Ṣífírì.” Wọ́n dúró, kí èmi fúnra mi lè gbọ́ ohun tí mo wí.

“Ọ̀rọ̀ kan náà ni,” Áàfáà sọ. “Sérò tìrẹ àti sírò tiwọn, inú sífírì yìí náà ni méjèèjì ti jáde.”

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ ìtàn fún mi díẹ̀díẹ̀ ní àkókò ìsinmi. Wọ́n ní àwọn ará Íńdíà ló ni òǹkà náà níbẹ̀rẹ̀, pé àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ní Bàgìdádì gbà á, wọ́n fi ọgbọ́n tiwọn kún un, wọ́n sì kọ ìwé tí ọ̀rọ̀ náà “áljẹ́bírà” ti jáde. Lẹ́tà, bíi V àti X, ni àwọn ará Yúróòpù fi ń kọ iye nígbà yẹn, ìsodipúpọ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ àṣelàágùn fún wọn. Áàfáà sọ nípa àwọn atúmọ̀ èdè ní Sípéènì, Júù àti Kìrìsìtẹ́nì, tí wọ́n jókòó ti ìwé ìṣègùn, ìwé ìràwọ̀ àti ìwé nípa ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n ń yí wọn láti Lárúbáwá sí Látìn, àti bí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Faransé àti Ítálì ṣe fi àwọn ìwé náà kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ìtàn bá wọ̀ wọ́n lára, ẹfun á bo apá aṣọ wọn, wọn kò sì ní mọ̀.

Èyí tó wọ èmi lára jù ni ti bàbá kan, ará Ítálì, tó ń ṣojú àwọn oníṣòwò ìlú rẹ̀ ní èbúté kan ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlùjéríà lónìí. Ó ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀ wá síbẹ̀ kí ó wá kọ́ ìṣirò. Láàárín àwọn tí èdè wọn àti ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ òǹkà yìí. Nígbà tó dàgbà tó sì padà sílé, ó kọ ìwé ńlá lé e lórí ní Látìn, ìwé náà sì wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn oníṣòwò Yúróòpù máa fi lẹ́tà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo bi Áàfáà bóyá ọmọ náà rí ẹni bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

“Kò kọ ìyẹn sílẹ̀,” wọ́n ní. “Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló kọ́ ọ. Kò lè jẹ́ òǹkà nìkan ni wọ́n jọ ń sọ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sílé, òun ló sì jẹ́ kí n padà wá ní sáà kejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ní kíláàsì. Àwọn ọmọ ṣì ń pè mí ní Sérò, ṣùgbọ́n kò dùn mí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo dé yàrá ẹ̀yìn ni mo bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Áàfáà ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ti kú kí n tó mọ̀ wọ́n rárá, wọ́n sì ti kó lọ bá ọmọ wọn ní Kàdúná. Ilé ẹ̀kọ́ kò fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn, nítorí àwọn ọmọ tó ń ṣe Lárúbáwá kò pọ̀. Mo jókòó sábẹ́ igi káṣú títí aago fi lù.

Ọ̀sán kan nínú sáà yẹn ni bàbá mi pè. Wọ́n ti sá wọ Gánà, fóònù wọn sì ti sọnù lójú ọ̀nà. Màmá gbé fóònù fún mi. Bàbá mi bá mi sọ̀rọ̀ ní Faransé, mo dá wọn lóhùn ní Yorùbá, mo sì gbọ́ pé wọ́n ń sunkún. Àbíján ni wọ́n padà sí láti tún ṣọ́ọ̀bù wọn tò. Ẹ̀jìgbò ni mo dàgbà sí.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí ní Ọlá, ìlú kan lẹ́bàá Ẹ̀jìgbò. Mo ti ka ìtàn wọ̀nyẹn nínú ìwé tó pọ̀, mo mọ̀ pé òótọ́ ni Áàfáà sọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo gbà pé wọ́n rí ọmọ tó dá wà, wọ́n sì wá jókòó tì í. Ìgbà tí èmi náà di olùkọ́, tí mo ní ìtàn lẹ́nu tí n kò rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ, ni mo tó rántí pé yàrá wọn ni. Èmi ni mo lọ bá wọn níbẹ̀.